Má Ti Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ò ba nǹkan ọlọ́nǹkan jẹ́ rí, ẹ bá mi wo ojú ẹ̀ dáadáa. Èmi ti bà á jẹ́. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ni mo bà jẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́, lọ́sàn-án gangan, níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́, irun mi ti ń funfun, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ náà á kàn wá jókòó síwájú mi.

Àsìkò tí fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgboro ni. Àwọn ẹgbẹ́ eré tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn tẹ́lẹ̀ ti rẹ̀, ọkọ̀ wọn ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kálukú wá gbé kámẹ́rà lé èjìká, ó ní òun ń ya fíìmù. Ẹgbẹ́ tiwa ò ju èèyàn mẹ́jọ lọ. Yàrá kan ní Sùúrùlérè ni ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá wa ló ni ẹgbẹ́, òun ló ń di kámẹ́rà mú, òun náà ló ń pariwo lé wa lórí. Èmi ń ṣeré, mo sì ń tọ́jú kámẹ́rà àti kásẹ́ẹ̀tì. Nítorí pé yàrá tí mo háyà ní Yábàá ní ilẹ̀kùn onírin, ọ̀dọ̀ mi ni ẹrù ẹgbẹ́ máa ń sùn.

A kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀gá á kó wa jọ láàárọ̀, á ní: "Ìwọ, o ti kú. Ìwọ, ìwọ lo jẹ́ kó kú. Ó wá bá ẹ nínú ilé ìdáná. Ó yá, ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀." Ó parí. Ohun tó bá ti ẹnu wa jáde nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí, òun ni ọ̀rọ̀ inú fíìmù. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́, kò sí ìwé kankan tí èèyàn fẹ́ ṣí wò. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Àwa kúkú kó gbogbo ẹyin tiwa sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ìtàn fíìmù tí mò ń sọ yìí rọrùn. Ọ̀rẹ́ méjì jà nítorí ìkòkò kan tí ọ̀kan yá tí kò dá padà. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ẹni tó yá ìkòkò wá kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná ẹnìkejì láti bẹ̀ ẹ́. Ẹnìkejì gbọ́, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà. Ibi tó ti fẹ́ sọdá títì ni ọkọ̀ ti gbá a. Láti ìgbà náà ló ti ń wá jókòó sórí odó tí wọ́n dojú ẹ̀ dé nínú ilé ìdáná ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹlòmíràn ò lè rí i. Á bu iyọ̀ kún ọbẹ̀, á máa sín àwọn aládùúgbò jẹ, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á máa dá a lóhùn, gbogbo ilé á sì máa wo obìnrin tó ń bá odó jà. Iwin náà ò lè lọ sinmi àfi tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá jẹ́wọ́ fún ìyá òun pé òun gbọ́ nígbà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni mo ṣe ọ̀rẹ́ tó dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi gan-an, tí a jọ wọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ló ṣe iwin. Ilé ìdáná ẹ̀yìn ilé tí mò ń gbé la ti yà á. Odó mi ló jókòó lé.

Ohùn ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ohùn olórin. Ó há díẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ṣùgbọ́n tó bá fi kí èèyàn lásán pé "Ẹ káàárọ̀ o", gbogbo agbo á bú sẹ́rìn-ín. Gẹ̀gẹ̀ ti yọ lọ́rùn rẹ̀ ó ti tó ọdún méjì. Ó máa ń fi ìborùn bò ó, ó tiẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ibẹ̀ lòun ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dí i léèémí, ó lọ sí ọsibítù kan lọ́nà Ìdí-Àràbà, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Dókítà ò tan án. Ó ní iṣan tó ń gbé ohùn gba ẹ̀gbẹ́ gẹ̀gẹ̀ náà kọjá, àwọn á ṣọ́ra gidigidi, ṣùgbọ́n ohùn lè yí padà, ó sì lè má padà wá mọ́. Wọ́n fún un ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá bá ní ká yára ya ìran ìkẹyìn, ìran tí iwin ti ń dágbére, ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú.

Mi ò gbàgbé ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ìran yẹn ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, a ò sì tún un yà lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó nílẹ̀ nínú ilé ìdáná, mò ń bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí láti orí odó, ó ní: "Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ bí o ṣe sé èémí ẹ mọ́nú. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Èémí yẹn ni mo gbé dé títì." Èmi ò rò ó tẹ́lẹ̀, òun náà ò rò ó tẹ́lẹ̀. Níbi tó ti ń wo ojú mi ló ti rí i. Ó sọ ti ìyá rẹ̀, ó sọ ti ìkòkò, ó sọ pé òun ti dárí jì mí kí òun tó dé ẹnu gọ́tà, iyọ̀ ọbẹ̀ mi nìkan lòun ò lè dárí jì. A ń rẹ́rìn-ín, a ń sunkún. Ó dìde, ó fa aṣọ funfun rẹ̀ nílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Mo ń lọ. Má ti ilẹ̀kùn o. Tí o bá tì í, ojú fèrèsé ni màá gbà, aṣọ mi á sì ya." Ọ̀gá ò lè pariwo "Kọ́ọ̀tì" láti dá eré dúró. Omijé ló ń nù.

Àṣà wa ni pé, tí ìran bá ti dára, kí n já etí kásẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Etí yẹn ni ike kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá ti já a, kámẹ́rà ò ní gbà láti ya nǹkan mìíràn lé e mọ́. Lẹ́yìn náà màá kọ orúkọ ìran sí i lára. Lọ́jọ́ yẹn, bí ọ̀rẹ́ mi ṣe kúrò lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó di ọrùn mú, ó tẹ̀ síwájú, kò rí èémí mí. Mo sáré. Mo fa kásẹ́ẹ̀tì yọ, mo tì í sínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì, níbi tí àwọn òfìfo ń wà, mo lọ di ọ̀rẹ́ mi mú. Mi ò já etí. Mi ò kọ nǹkan kan. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, a jọ jẹ dòdò, inú mi sì dùn dé orí.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé kámẹ́rà ẹgbẹ́ lọ sí Múṣin láìsọ fún Ọ̀gá. Ìyá aránṣọ kan wà níbẹ̀ tó ń bá wa rán aṣọ eré lọ́fẹ̀ẹ́. Kò bèèrè ohun kan lọ́wọ́ wa àfi pé tí àwọn ọmọṣẹ́ òun bá ń ṣe fírídọ̀mù, kí n wá yà wọ́n. Mo ti ṣèlérí. Ilé alájà kan ni, wọ́n ta tapólì sójú àgbàlá, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún wọ aṣọ kan náà, wọ́n kúnlẹ̀ gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Ààfáà àgbà kan ṣàdúà fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń jó bọ̀, bàtà gíga rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó sínú abọ́ ìrẹsì. Mo rẹ́rìn-ín débi pé kámẹ́rà ń gbọ̀n léjìká mi. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo fà yọ láti àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì ni mo ti dá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, tí mo tì sínú kámẹ́rà. Ní òwúrọ̀ Àìkú, mo ti lọ fà á lé ìyá aránṣọ lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Àìkú yẹn ni mo fẹ́ já etí kásẹ́ẹ̀tì ìran ìkẹyìn. Mo yọ gbogbo ohun tó wà nínú báàgì. Mo ti ọ̀kan sínú fídíò, òfìfo. Mo ti èkejì, òfìfo. Mo ti ìkẹta. Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣe bí ìjì, mo sì mọ̀. Mo ń sọ ọ́ sókè pé, "Rárá o, rárá o," bí ẹni pé ẹnì kan ló ń fi nǹkan lọ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú ni. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Bí mo bá dìde nígbà náà, tí mo lọ sí Sùúrùlérè lọ sọ fún wọn, a ṣì lè pa dà sílé ìdáná lọ́jọ́ Ajé, kó tún jókòó lórí odó, kó tún sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu. Kò ní rí bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni yóò jẹ́. Mo mọ èyí dáadáa. Mi ò lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo kásẹ́ẹ̀tì Múṣin ná, bóyá fírídọ̀mù náà ò gùn tó bí mo ṣe rò. Ojora ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má pè é ní orúkọ mìíràn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé Múṣin kí ìyá aránṣọ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe rí mi báyìí, ó fà mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí oní-fídíò, Ọlọ́run ló gbé ẹ wá. Kí lo gbé wọ inú fírídọ̀mù àwọn ọmọ yìí?"

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"A wò ó lánàá. Ó ń lọ dáadáa. Bí Ààfáà ṣe ṣàdúà tán, tí gbogbo wa ní àmín, ni obìnrin kan bá yọ! Aṣọ funfun látòkè délẹ̀, ẹfun lójú. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn, pé òun ń bọ̀ lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ sá jáde. Ọ̀kan ò tíì sun oorun títí di ìsinsìnyí."

Ó tọ́ka sókè wọ́dúróòbù. Ó ti fi náílọ̀nù mẹ́ta wé kásẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé Kùránì lé e lórí. Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá yí nílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Lọ́jọ́ yẹn mo kàn ń gbọ́ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀: pé ó kù. Ó kù díẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wò ó. Iná ò sí. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí mo ń wo gílóòbù bíi pé mo lè fi ojú tan án. Iná ò dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún padà. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni adúgbò pariwo pé iná ti dé. A ti kásẹ́ẹ̀tì sínú. Fírídọ̀mù náà gùn. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Èmi ni mo ya gbogbo rẹ̀, mo sì ń bẹ gbogbo èèyàn inú rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tètè jókòó. Lẹ́yìn àmín ìkẹyìn, àwòrán gbọ̀n, ọ̀rẹ́ mi sì yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi: "Mo ń lọ. Má ti ilẹ̀kùn o. Tí o bá tì í, ojú fèrèsé ni màá gbà, aṣọ mi á sì ya." Òkùnkùn. Mo fi aago ọwọ́ mi kà á, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Gbogbo ìyókù, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀rẹ́ mi fi ọkàn rẹ̀ sọ, ti di obìnrin tó jókòó sínú ìrẹsì.

Mo bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá aránṣọ. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ó gbọ́ tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Gbé e lọ. Tí o bá ti yọ iwin yẹn kúrò, kí o dá fírídọ̀mù wa padà. Ṣùgbọ́n àǹtí, kí lò ń ṣe níbí? Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ ló yẹ kí o wà." Mo ní mò ń lọ. Mo ń lọ lóòótọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ó ń fi dókítà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá náà ń rẹ́rìn-ín tìkótìkó. Mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Mo sé èémí mi. Mo padà.

Nínú fíìmù, ẹni tó wà nínú ilé ló dákẹ́. Nínú ayé, èmi tí mo wà níta ni.

Ọjọ́rú ni wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Nígbà náà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kò sí ilé ìdáná mọ́, kò sí odó, ṣùgbọ́n ohùn ṣì wà. Mo yá rédíò kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun sínú rẹ̀, mo gbé e sínú báàgì, mo sọ fún ara mi pé tí mo bá dé ibẹ̀, màá jẹ́wọ́, màá sì bẹ̀ ẹ́ kó tún sọ ọ̀rọ̀ náà sínú rédíò. Ẹnu nìkan ló ku kí n là.

Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti so ike tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó rí mi, ó ní: "Iwin kí ẹ o. Ṣé o ti wo fídíò wa?"

Mo ní: "Ẹn."

"Ó kílíà?"

"Ó kílíà gan-an ni."

"Ohùn ńkọ́?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní: "Ohùn dára."

Ó fẹ̀yìn ti píló. Ó ní: "O ṣeun. Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́. Mi ò sọ fún Màámi. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi láàárọ̀ yìí pé bí wọ́n bá tiẹ̀ gba ohùn mi, mo ti fi í pamọ́ síbì kan. Ọwọ́ ẹ ló wà." Ó tún wo báàgì mi. "Kí lo gbé wá?"

Mo gbé rédíò náà jáde. Mo ní: "Rédíò ni. Kí o máa fi gbọ́ ìròyìn."

Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń di ẹni burúkú. Kò sí ìkà kankan nínú mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbé rédíò náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀ lórí aṣọ, mo lọ sílé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ojú mi là sí i, mo sáré dé Ìdí-Àràbà pẹ̀lú bàtà tí kò bára mu. Wọ́n ti gbé e wọlé.

Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọrùn rẹ̀ jinná. Ohùn ò padà. Ohun tó kù dà bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ kó tó gbọ́. Dókítà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un, tí mo ń fọ aṣọ rẹ̀, tí àwọn aráalé rẹ̀ ń yìn mí pé irú ọ̀rẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n. Gbogbo ìyìn náà ń ta mí bí ata ojú. Ọ̀gá ń bèèrè kásẹ́ẹ̀tì, mo ń ní mo ṣì ń kọ orúkọ sí wọn lára. Mi ò lè jẹun mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì Múṣin lọ sílé rẹ̀, mo tì í sínú fídíò rẹ̀.

Ó rò pé mo gbé e wá láti dá òun lára yá ni. Ó wo fírídọ̀mù náà látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jókòó sínú ìrẹsì, èjìká rẹ̀ ń mì, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Ó tún fọwọ́ gbá mi lápá. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn àmín ìkẹyìn, ó rí ara rẹ̀. Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ láti ẹ̀yìn. Ó dá a padà, ó tún un gbọ́. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá yíjú sí mi, ó fi èémí sọ pé:

"Ìyókù ńkọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ti etí tí mi ò já, ti Múṣin, ti iná, ti ẹnu ọ̀nà tí mo ti padà. Kò gbé mi dìde. Ó lọ síbi rédíò tí mo fún un, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ó gbé e síwájú mi nílẹ̀. Òfìfo.

"Mo ti ń rò ó," ó fi èémí sọ ọ́, ó ń dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì-méjì, "pé kí ló dé tí o fi gbé kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá fún mi. Èyí tó parẹ́, àṣìṣe ni. Èèyàn lè ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n o jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní ọsibítù. Ká ní o sọ ni, ǹ bá tún un sọ fún ẹ. Gbogbo òru yẹn ni ǹ bá fi máa sọ ọ́."

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Kò gbá a.

Láti ibẹ̀ ni mo ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì, tí mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá. Ó lé mi jáde, ó ju báàgì kámẹ́rà tẹ̀ lé mi, ó tún sáré jáde wá gbé báàgì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó wá sí Yábàá fúnra rẹ̀. Kò wò mí lójú. Ó ní ọ̀rẹ́ mi ti kọ ìwé sí òun. Mo ka ìwé náà: "Màá tún un ṣe. Ohùn ò sí, ẹnu wà. Òun ló rántí ọ̀rọ̀ náà, kó wá sọ ọ́."

Òótọ́ ni pé mo rántí. Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn látòkè délẹ̀, nítorí èmi ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ó padà sórí odó. Aṣọ funfun náà ni, ó fi apá kan bo ojú àpá ọrùn rẹ̀. Èmi jókòó nílẹ̀, mò ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un díẹ̀ díẹ̀, òun ń la ẹnu bá a lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kódà níbi ti iyọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a lọ sí yàrá kékeré kan ní Sùúrùlérè tí wọ́n ti ń fi ohùn sí fíìmù, tí wọ́n lẹ fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì mọ́ gbogbo ògiri rẹ̀. Ó jókòó tì mí. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ nínú ìran náà, èmi náà ni wọ́n ní kí n wá dá ara mi lóhùn. Mo há ohùn mi bíi tirẹ̀. Mo sọ ti èémí tí mo sé mọ́nú. Mo sọ ti ìkòkò. Nígbà tí mo dé ibi tó kàn, tí mo ní, "Mo ti dárí…", ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ó fi ẹnu kàn mí létí. "Ìyẹn, má sọ ọ́. O ò lè fi ẹnu ara ẹ dárí ji ara ẹ."

Ọ̀gá ní tí a bá yọ ohùn, ẹnu á máa yí lásán, àwọn èèyàn á rò pé fíìmù bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi mi orí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí ó jẹ́ ohùn tirẹ̀ gan-an, Ọ̀gá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí, kò fọwọ́ kan án.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Yábàá la ti kọ́kọ́ fi hàn. Ó kún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá ìjókòó, ojú wọn sì tutù nígbà tí ìran ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní ohùn iwin yẹn ti yí padà. Mo ń gbọ́ ara mi tí mò ń fìyà jẹ ara mi láti inú àpótí ohùn méjì. Ibi ìdáríjì yẹn ló dé. Ẹnu ọ̀rẹ́ mi là, ó ń yí, kò sí ohùn. Àwọn ará ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ pariwo: "Ohùn dà?" Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á: "Ohùn dà? Ẹ fi ohùn sí i!" Wọ́n ń súfèé, wọ́n ń lu bẹ́ǹṣì. Ọ̀rẹ́ mi jókòó ní àga kejì sí mi, ó ń wo iwájú. Èmi náà ń pariwo pẹ̀lú wọn nínú ikùn mi.

Ohùn náà bá dé. "Mo ń lọ. Má ti ilẹ̀kùn o." Bí ó ti rí gan-an ni, pẹ̀lú híhá rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀yẹ́ inú rẹ̀. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ tó jókòó níwájú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde dúró, gèlè rẹ̀ bọ́, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé: "Ohùn ọmọ mi nìyẹn. Ẹ gbọ́, ohùn ọmọ mi nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ mi ò wá sílé mi lẹ́yìn ìyẹn. Mo dá fírídọ̀mù padà fún ìyá aránṣọ, ó ní tí wọ́n bá dé ibi àmín, àwọn ọmọ ṣì máa ń retí iwin. Mo kúrò nínú ẹgbẹ́, mo wá iṣẹ́ mìíràn. Oṣù ń gorí oṣù. Mi ò ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi mọ́ lójú ọ̀sán. Ewúrẹ́ onílé wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ gààrí mi, mi ò tì í síbẹ̀.

Ó di òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kan, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ilẹ̀kùn ṣí láìkàn. Ọ̀rẹ́ mi wọlé, ó yí odó mi dojú dé, ó jókòó lé e, ó fa abọ́ ẹ̀wà sáàárín wa. A jọ ń ṣà á. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹn, mi ò sì bèèrè. Gbogbo Àbámẹ́ta ló ń wá títí di òní. Kò tíì sọ ọ́.